Oòrùn Ń Ràn, Òtútù Ń Mú: Àlàyé Lórí Àwọn Ọ̀sẹ̀ Tó Ṣáájú Sọ́mà Nílùú Ọba

Tó bá ti ń di ìparí oṣù kẹta báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba orí wásáàpù àwa tí à ń gbé nílùú Ọba: ṣé sọ́mà, ìyẹn ìgbà ooru, ti dé ni àbí wọ́n tún ń tàn wá jẹ ni? Ẹni tó wọ̀lú ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kìíní, tó jẹ́ pé òkùnkùn àti òtútù nìkan ló mọ̀ mọ́ ibí, á ṣí kọ́tìnì láàárọ̀, á rí oòrùn tó ràn yòò, ojú ọ̀run mọ́ kedere, á ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa, á gbé ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé wọ̀, ó di ìta. Kó tó dé bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù afẹ́fẹ́ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì á kó jákẹ́ẹ̀tì wíńtà sọ́rùn, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lẹ́yìn, òógùn á bò ó nínú tíréènì. Lọ́jọ́ kẹta, òjò, yìnyín wẹ́wẹ́ àti oòrùn á jọ dé láàárín wákàtí kan ṣoṣo.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti yanjú tiwọn ní tiwọn, wọn ò ní jáde ṣeré rárá títí di oṣù keje, wọ́n ń dúró de sọ́mà. Èmi rò pé àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń pàdánù jù, torí oṣù keje yẹn lè wá jẹ́ òjò lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé oṣù karùn-ún tí wọ́n fi jókòó sílé wà lára àwọn oṣù tí oòrùn máa ń ràn jù lọ nílẹ̀ yìí. Ohun tó ń da gbogbo wa láàmú ò ju ẹyọ kan lọ: oòrùn àti ooru kì í jọ rìn pọ̀ níbí. Oòrùn á kọ́kọ́ dé, ooru á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Téèyàn bá ti mọ ìyẹn, aṣọ tó yẹ kó wọ̀, ìpara tó yẹ kó fi para, omi tí kò yẹ kó kó sí, gbogbo ẹ̀ á yé e.

Ìgbà wo gan-an là ń sọ?

Met Office, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, pín ọdún sí mẹ́rin ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wíńtà ni oṣù kejìlá sí ìkejì. Sípíríǹgì, ìgbà tí ewé tuntun ń yọ, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, sọ́mà á wá wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà. Àmọ́ àwọn tó ń fi ìrìn oòrùn ka tiwọn ní rárá o, bíi ọjọ́ 20 oṣù kẹta tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà ni sípíríǹgì bẹ̀rẹ̀, sọ́mà sì di bíi ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Ìdí nìyẹn tí rédíò kan á fi ní ẹ kú sọ́mà, tí òmíràn á ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Àárín yẹn ni mò ń bá yín sọ, láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta tí wọ́n bá ti sún aago síwájú ní wákàtí kan, títí oṣù karùn-ún á fi parí. Kì í ṣe wíńtà mọ́, kò sì tíì di sọ́mà.

Kí ló dé tí oòrùn ń ràn tí òtútù ṣì ń mú?

Ẹ gbé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì ìnáwó kaná, ẹ pọn omi tútù kún un, ẹ wá koná mọ́ ọn nídìí. Iná ń jó lala, ẹ ò lè sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ki ọwọ́ bọ omi inú ẹ̀, ó ṣì tutù. Á pẹ́ kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá sì ti hó tán tẹ́ ẹ wá fa igi yọ, omi yẹn ò ní tutù bọ̀rọ̀. Oòrùn ni iná, ilẹ̀ yìí àti òkun tó yí i ká ni omi.

Bíi ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni oòrùn máa ń ga jù lójú ọ̀run níbí. Ẹ wá wò ó, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin jẹ́ oṣù méjì ṣáájú ẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ jẹ́ oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ibi kan náà ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án ọjọ́ méjèèjì. Iná kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní oṣù kẹjọ, òkun ti wà lórí iná tipẹ́, ní oṣù kẹrin ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú wíńtà bọ́ ni. Bíi oṣù kejì sí ìkẹta ni omi òkun tó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká máa ń tutù jù, oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ló máa ń gbóná jù. Erékùṣù sì nìbí, kò síbi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé tí kò ní gba orí omi kọjá.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí oòrùn oṣù kẹjọ á máa ràn lé yín lórí tí afẹ́fẹ́ oṣù kẹta á sì máa fẹ́ sí yín létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Lọ́ńdọ́nù, ọ̀sán oṣù kẹrin máa ń tó bíi dígírì 15, òru ẹ̀ á já wálẹ̀ sí bíi 6. Tẹ́ ẹ bá dúró nínú oòrùn níbi tí ògiri ti dí atẹ́gùn ara yín á yá, ẹ kọjá sí abẹ́ òjìji ilé tó wà níwájú ẹ̀ báyìí, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣílùú.

Òjò ojijì tó máa ń rọ̀ lóṣù kẹrin náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn ń yá ilẹ̀ lára, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ṣì tutù rinrin, afẹ́fẹ́ tó gbóná nísàlẹ̀ á bá gòkè fìrì, ó di kùrukùru, ó di òjò, nígbà mí-ìn ó di yìnyín wẹ́wẹ́, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti dá, oòrùn tún yọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òjò tó yẹ kéèyàn tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ẹ yà sábẹ́ ibì kan ni.

Ẹ tún máa wo ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ láti ìlà oòrùn ni, orí North Sea ló gbà wá, omi yẹn sì tutù gan-an lásìkò yìí, ìlú etí òkun tó wà lápá ibẹ̀ bíi Scarborough tàbí Whitby lè wà nínú kùrukùru àti òtútù nígbà táwọn ará Manchester ń jẹ áísìkírìmù lójú pópó. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sétí òkun kó kọrí sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á wakọ̀ wákàtí méjì lọ jókòó sínú kùrukùru, wọ́n á wá ní ojú ọjọ́ ìlú yìí ò láàánú.

Àwọn ọdún kan sì wà tí gbogbo ẹ̀ máa ń yí padà o. Ní 2025, Met Office ní kò tíì sí sípíríǹgì tí oòrùn ràn tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1910, ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún náà sì gbóná dé dígírì 29.3 ní Kew Gardens ní Lọ́ńdọ́nù. Àwọn tó ń dúró de oṣù keje lọ́dún yẹn, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n rò.

Aago tí wọ́n ń sún yẹn, kí ni àǹfààní ẹ̀ fún wa?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ní aago kan òru ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n á sún aago síwájú, aago kan á di aago méjì. Fóònù yín á ṣe é fúnra ẹ̀, ti ara ògiri àti ti ojú sítóòfù ni ẹ máa fọwọ́ yí. Nàìjíríà kì í sún aago tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà wíńtà wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, tí wọ́n bá sì ti sún ti ibí, aago wa á bá tilé mu ṣéé. Kò tún sí pé à ń ṣírò lórí kó tó di pé a pe màmá wa.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ̀rọ̀ wà. Ní Èkó, ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù nínú ọdún, wákàtí kan ò sí láàárín wọn, nítorí náà a ò mọ̀ ọ́n sí nǹkan kan, aago méje alẹ́ ni aago méje alẹ́. Níbí ńkọ́? Nínú oṣù kejìlá ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán Lọ́ńdọ́nù ò pé wákàtí mẹ́jọ, nínú oṣù kẹfà ó lé ní mẹ́rìndínlógún àbọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí sì ni ọ̀sán máa ń yára gùn jù. Kí wọ́n tó sún aago, bíi aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, lọ́jọ́ tí wọ́n sún un ó di aago méje kọjá. Tó bá fi máa di àárín oṣù karùn-ún, ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án. Ní Glasgow, ìparí oṣù karùn-ún, ó ti ń sún mọ́ aago mẹ́wàá kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago márùn-ún ṣì ní wákàtí mẹ́ta tó mọ́ kedere lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ń fi bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n lò ó tán. Mo mọ̀ pé ara ti rẹ̀ yín, pàápàá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó fi wákàtí méjìlá dúró lórí ẹsẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ sáré ìje. Jíjókòó lórí bẹ́ǹṣì páàkì pẹ̀lú gúgúrú àti ẹ̀pà náà ń jẹ́ jíjáde. Kẹ́ ẹ ṣá rántí pé bí oòrùn bá ti wọ̀, ooru ò ní dúró dè yín, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ òtútù ti dé.

Kí wá la máa wọ̀?

Aṣọ lé aṣọ ni. Ẹ gbàgbé jákẹ́ẹ̀tì ńlá tó ní irun lọ́rùn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè bọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá sì bọ́ ọ tán ẹ̀yin lẹ máa gbé e kiri. Súwẹ́tà fẹ́lẹ́ kan lórí tíṣáàtì, jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ kan tí atẹ́gùn àti òjò ò lè gba inú ẹ̀ kọjá lórí ìyẹn, ó parí. Nígbà tí oòrùn bá le ẹ bọ́ méjì, nígbà tí ìkùukùu bá bò ó ẹ wọ ọ̀kan padà. Atẹ́gùn ló ń fa òtútù oṣù kẹrin ju ohunkóhun lọ, èyí tó bá ti dí atẹ́gùn ló ṣe iṣẹ́ jù, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Koríko ṣì tutù, ilẹ̀ inú igbó ṣì ń pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹ fi sàńdà sílé.

Ti àwọn ọmọ ìkókó ló gba sùúrù. Màmá tó bá ti ilé wá bá wa tọ́jú ọmọ ò ní gbà láéláé pé kí wọ́n gbé ọmọ jáde láìdé fìlà méjì, wọ́n á ní òtútù á wọ ọmọ lára. Ẹ bá wọn rò ó, fìlà kan ò burú. Èyí tí kò dáa ni kí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ojú kẹ̀kẹ́ ọmọ kí oòrùn má bàa ràn án. Inú ẹ̀ á yára gbóná, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé dáadáa, ọmọ ò sì lè sọ pé ooru ń mú òun. Agbòòrùn kékeré tó ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ kan ọmọ náà láyà tàbí lẹ́yìn ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ máa ń tutù lásán.

Àwọn tó ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi hóró ewédú àti tẹ̀tẹ̀ pamọ́ sínú àpò látilé, ẹ má tíì gbìn ín síta ní oṣù kẹrin. Ìrì dídì ṣì lè bọ́ lóru kódà nínú oṣù karùn-ún, òru kan péré ló sì máa fi pa gbogbo ẹ̀. Ẹ hù ú nínú ilé lójú fèrèsé, ẹ gbé e jáde ní ìparí oṣù karùn-ún.

Ṣé oòrùn ibí lè ṣe aláwọ̀ dúdú ní nǹkan kan?

Ó lè ṣe é. Ohun tó ń jó ara, ìyẹn UV, kì í ṣe ooru. Ìtànṣán ni, bí oòrùn bá ṣe ga tó lójú ọ̀run ló ń sọ bó ṣe máa le tó, kò kan bóyá òtútù ń mú yín. Níbi tí ọ̀rọ̀ oṣù kẹrin àti oṣù kẹjọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wúlò nìyẹn. Àwọ̀ dúdú ń dáàbò bò wá dé ìwọ̀n kan, kì í ṣe pátápátá, ojú àti imú ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín. NHS, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba, ní láti oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni kéèyàn máa wá ibòji. Ẹni tí kò bá ní rí ibòji kó fi ìpara tó ń dí oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, para, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ nínú ìpara yìí máa ń fi ojú wa sílẹ̀ ní funfun bàláú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti wà báyìí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó rà á.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà rèé. Oòrùn yìí kan náà la fi ń rí vitamin D tí egungun ń lò. Láti oṣù kẹwàá títí di nǹkan bí ìparí oṣù kẹta, oòrùn Ìlú Ọba ò lágbára tó láti fún ẹnikẹ́ni, ó di bí ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ dúdú wa sì ń dí díẹ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí NHS fi ní káwọn tó ti Áfíríkà wá ro ti lílo oògùn vitamin D máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Jíjókòó sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé kí oòrùn máa ràn sí yín lára ò kà á, gíláàsì ń dí ìtànṣán tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àfi kẹ́ ẹ jáde.

Ọ̀fìnkìn tí kì í lọ yìí, kí ni?

Ojú ń yún yín, ẹ ń sín ní àsíntúnsín, imú ń dà wàràwàrà, ọ̀fun ń rìn yín, ṣùgbọ́n ara ò gbóná. Ẹ ti mu àgbo, ẹ ti mu ata gígún, kò lọ, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀fìnkìn rárá. Láti bí ìparí oṣù kẹta sí àárín oṣù karùn-ún ni igi ń tú ìyẹ̀fun òdòdó wọn sáfẹ́fẹ́, ìyẹn pọ́lẹ̀nì, láti àárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ó kan koríko. Ara àwọn kan ò gbà á, á máa bá a jà bí ẹni pé àrùn ni. Òun ni wọ́n ń pè ní hay fever.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé wọ́n lè lo ọdún méjì mẹ́ta níbí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ pàdé pọ́lẹ̀nì igi ibí kó tó lè bá a ṣọ̀tá. Nítorí náà "kò ṣe mí lọ́dún tó kọjá" kì í ṣe ẹ̀rí.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù oògùn ń ta cetirizine àti loratadine, àwọn oògùn tó ń mú un rọlẹ̀, láìsí ìwé dókítà. Piriton tí gbogbo wa mọ̀ látilé náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń fún èèyàn ní oorun, ẹni tó máa wakọ̀ kó yẹra fún un. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ yí ẹnu ihò imú ká kẹ́ ẹ tó jáde, ìyẹ̀fun yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó wọlé, ó rọrùn ó sì wúlò. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ fọ irun tàbí kẹ́ ẹ tilẹ̀ ti fi sìkáàfù bò ó tẹ́lẹ̀, ẹ má sì sá bẹ́ẹ̀dìṣíìtì síta lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní pọ́lẹ̀nì pọ̀. Met Office máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú ọjọ́. Ẹni tó bá ní asimá, tí mímí wá di ìṣòro, ti tiẹ̀ kúrò ní ọ̀rọ̀ Vaseline, kó tètè lọ rí dókítà.

Ibo lèèyàn lè lọ láìsan kọ́bọ̀, ilẹ̀ ta sì ni?

Àwa tí wọ́n tọ́ pé a kì í gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, ẹ̀rù máa ń bà wá tá a bá rí ọgbà oko pẹ̀lú géètì. Nílẹ̀ England àti Wales, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òfin fún gbogbo èèyàn láyè láti gbà lé ní 200,000 kìlómítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì la àárín oko olóko kọjá. Ẹ wá ọfà aláwọ̀ ìyèyè lára òpó onígi, ìyẹn ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Tí ọfà bá jẹ́ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á. Nígbà mí-ìn ẹ máa bá àtẹ̀gùn pákó kékeré lára ọgbà, ẹ gùn ún kọjá, wọ́n ṣe é fún yín ni. Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní títì ẹ tì í padà, èyí tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíṣí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Scotland ó tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ọdún 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìyẹn tí wọn ò bá ti ba nǹkan jẹ́. Àsìkò ọmọ àgùntàn nìyí o, ẹ má jẹ́ kí ajá àti ọmọ yín máa lé wọn kiri, ẹ sì jìnnà sí màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn.

Àwọn tó wà ní Thamesmead àti Abbey Wood ní Lọ́ńdọ́nù, tó jẹ́ pé téèyàn bá pariwo "ẹ káàárọ̀" lójú títì ibẹ̀ kò ní ṣàìrí ẹni dáhùn, igbó tí àwọn èèyàn ń wọkọ̀ wá wò wà lẹ́bàá ilé yín: Lesnes Abbey Woods, ìrìn díẹ̀ sí ibùdókọ̀ tíréènì Elizabeth Line. Àwókù ilé ìsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 wà níwájú ẹ̀, òkúta lásán ló kù, àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn láti fò ó, tẹ́ ẹ bá sì dúró níbẹ̀ ẹ máa rí àwọn ilé gàgàrà Canary Wharf lọ́ọ̀ọ́kán. Nínú oṣù kẹta òdòdó daffodil á bo inú igbó yẹn, ní ìparí oṣù kẹrin á wá kan bluebell, abẹ́ igi á di búlúù tó pọ́n díẹ̀ bí ojú bá ṣe lè rí i dé, pẹ̀lú òórùn dídùn tí kò le. Ó ní láti jẹ́ àsìkò yìí, torí kí ewé igi òkè tó hù tán kó sì dí oòrùn mọ́ ilẹ̀ ni bluebell ti gbọ́dọ̀ yára tanná. Tó bá fi máa di sọ́mà tẹ́ ẹ̀ ń dúró dè, ó ti tán. Wọ́n ní bíi ìdajì gbogbo bluebell tó wà láyé ló wà ní Britain, òfin ọdún 1981 sì dáàbò bò ó, ẹ má wú u. Ẹ má sì wọ inú ẹ̀ lọ jókòó ya fọ́tò, tí wọ́n bá tẹ ewé ẹ̀ mọ́lẹ̀ ó lè gba ọdún púpọ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ dúró lójú ọ̀nà, fóònù yín á ṣì ya á dáadáa.

Àwọn ará Barking àti Ilford ní Wanstead Park, òun náà ní bluebell. Ní Richmond Park ẹ ó rí ìgalà, ẹ fi mítà 50 jìnnà sí wọn, pàápàá láti oṣù karùn-ún tí wọ́n ń bímọ.

Ṣé a lè sun ẹran ní páàkì?

Ọ̀pọ̀ ibi, rárá. Gbogbo Royal Parks, àwọn páàkì ọba ní Lọ́ńdọ́nù, ìyẹn Hyde Park, Greenwich, Richmond àtàwọn yòókù, kò gbà á, ọ̀pọ̀ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, náà ò gbà á, ẹ ka pátákó ẹnu ọ̀nà tàbí wẹ́ẹ̀bù káńsù yín kẹ́ ẹ tó ra èédú. Kì í ṣe ìwà burúkú sí wa o. Koríko àti ewé tó kú nígbà wíńtà ló wà nílẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn ti gbẹ ẹ́, òtútù sì kọ́ ló ń dá iná dúró, igbó àti pápá orí òkè máa ń jó gan-an nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú kan iná. Ẹ sun súyà yín nílé, ẹ fi fóìlì wé e, ẹ kó jọ́lọ̀ọ̀fù sínú kúlà kó lè gbóná dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ sùn nínú àgọ́, kó má ṣe gbé iná èédú wọ inú ẹ̀ láéláé nítorí òtútù, kódà tó bá jọ pé ó ti kú, èéfín tí kò lóòórùn tó ń ti inú ẹ̀ jáde ń pààyàn lójú oorun.

Omi yẹn ń pè wá, ṣé ká kó sí i?

Ẹ rántí omi inú ìkòkò. Lọ́jọ́ tí ìta gbóná dé 25 nínú oṣù karùn-ún, omi òkun lè wà ní bíi 12, ti adágún àti ihò ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Omi tí kò bá tó 15 lè gba èémí lẹ́nu èèyàn lójijì, á mí kíkankíkan láìfẹ́ mí, tí ẹnu ẹ̀ bá wà nínú omi nígbà yẹn, omi ló máa fà símú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímọ omi wẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa wà lára àwọn tó ń bá a lọ. RNLI, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkun, ní tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má jà: ẹ sùn sẹ́yìn, kí etí wọ omi, ẹ na apá àti ẹsẹ̀, ẹ máa léfòó títí mímí yín á fi padà, kẹ́ ẹ tó pariwo tàbí kẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà létí omi kó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, tó bá jẹ́ etí òkun kó béèrè fún Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun. Kó má bẹ́ sínú ẹ̀ lọ gba ẹnikẹ́ni.

Ìgbà wo ni àyè máa wà?

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ àti ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù karùn-ún jẹ́ bank holiday, ìyẹn ọlidé ìjọba, ọ̀pọ̀ iléèwé sì máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan yí èyí tó kẹ́yìn yẹn ká. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn onítíréènì fẹ́ràn láti fi tún ojú irin ṣe, tíréènì tẹ́ ẹ mọ̀ lè di bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀nà, tẹ̀yin tọmọ pẹ̀lú kúlà jọ́lọ̀ọ̀fù. Ẹ wò ó lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n bá ti pa ọ̀nà yín dé, ẹ fi Lesnes sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ gba páàkì àdúgbò lọ.